Orúkọ àwọn ẹlẹ́ja ń jáde pẹ̀lú àmì páùn àti yúrò: ẹ bá mi wo dátábéèsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ẹ̀pẹ́

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mò ń bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe sáìtì, àwọn ẹlẹ́ja tó ń tà ní ọjà Olúwo níbí ni. Wọ́n fẹ́ kí oníkálukú lè fi fóònù rẹ̀ wo iye tó ti dá àti gbèsè tó jẹ. Ẹni tó bá wọn ṣe ti tẹ́lẹ̀ ti rìn lọ sí òkè òkun. Dátábéèsì MySQL àtijọ́ kan àti fáìlì Excel lóríṣiríṣi ló fi sílẹ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí sáfà tuntun. PHP ló ń bá dátábéèsì sọ̀rọ̀, JavaScript ló ń ṣètò ohun tí èèyàn ń rí nínú bùráwúsà.

Ẹ wá wo nǹkan. "Aṣakẹ" ń jáde bíi "Aá¹£akáº¹". "Ẹ̀pẹ́" gan-an ti di "áº¸Ì€páº¹Ì". Àmì náírà di "â‚¦". Àwọn orúkọ mìíràn, àmì ìbéèrè ló gba ojú wọn: "B?la", "T?p?". Tí ẹ bá wo nọ́ńbà fóònù, ẹ̀rín á pa yín, torí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ló ń lo nọ́ńbà kan ṣoṣo, 2147483647. Ìyá kan dá ₦12,500, sáìtì ní náírà méjìlá ló dá. Àwọn kan sì wà tí wọ́n sanwó ní ọdún 1970, kí wọ́n tó bí wọn sáyé.

Alága ti ní tí n kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, inú ìwé alákọsílẹ̀ lòun ń padà sí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Kóòdù Kò Sùn

Kékeré nìyẹn. Yí utf8, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, sí utf8mb4 nínú gbogbo tábìlì, pa sáfà, tún un tàn. Ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Sábó (Ìkòròdú)

Àbúrò mi Kóòdù Kò Sùn, rọra. Òótọ́ ni pé utf8mb4 ló yẹ kí gbogbo wa máa lò, ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsí rẹ̀ ló ba orúkọ Aṣakẹ jẹ́. "utf8" àtijọ́ ti MySQL ń gba lẹ́tà tí kò bá ju báìtì mẹ́ta lọ (báìtì ni nọ́ńbà kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà pamọ́). Báìtì mẹ́ta péré ni ẹ, ọ àti ṣ, àmì ohùn tó dá dúró sì jẹ́ méjì. Èyí tí kò lè gbà ni àwòrán ẹja kékeré tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe orúkọ wọn lọ́ṣọ̀ọ́ lórí WhatsApp, torí báìtì mẹ́rin nìyẹn. Tí Ọmọ Ẹ̀pẹ́ bá sáré yí tábìlì padà bí o ṣe wí, MySQL lè gbà pé lẹ́tà gidi ni ìdọ̀tí yẹn, kó wá tún ìdọ̀tí náà kọ dáadáa. Wàhálà kan á di méjì.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́, má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Fi mysqldump ṣe ẹ̀dà dátábéèsì yẹn, kí o gbé ẹ̀dà náà kúrò lórí sáfà. Lẹ́yìn náà, má gba ojú rẹ gbọ́ mọ́. Ohun tí o ń rí nínú bùráwúsà ti gba ọwọ́ ẹni púpọ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Báìtì ni kí o wò, HEX ló máa fi í hàn ọ́:

SELECT ilu, HEX(ilu) FROM omo_egbe LIMIT 20;
SHOW CREATE TABLE omo_egbe;

Fún Ẹ̀pẹ́, èyí tó pé ni E1BAB8CC8070E1BAB9CC81. Tí o bá rí ìyẹn, tí kọ́lọ́ọ̀mù náà sì jẹ́ utf8mb4, dátábéèsì ò jẹ̀bi. Lọ wo àárín òun àti PHP, tàbí àárín PHP àti bùráwúsà. Tí o bá rí ìyẹn kan náà àmọ́ tí kọ́lọ́ọ̀mù ń pe ara rẹ̀ ní latin1, ètò lẹ́tà àtijọ́ kan, báìtì dára, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ni kò bá a mu. Tó bá jẹ́ C3A1C2BA ló fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti yí i lẹ́ẹ̀mejì. Tí o bá wá rí 3F níbi tó yẹ kí ọ wà, àmì ìbéèrè gidi nìyẹn. Lẹ́tà náà ti lọ, kò sí kóòdù tó lè dá a padà.

Ti páùn àti yúrò yẹn ò ṣòro láti mọ̀. Báìtì tó kẹ́yìn nínú ṣ ni A3, páùn ni A3 sì jẹ́ nínú ètò lẹ́tà Windows àtijọ́ tí MySQL ń pè ní latin1. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ parí sí 80, yúrò ló jókòó síbẹ̀ nínú ètò yẹn. Nígbàkigbà tí o bá rí owó àjèjì láàárín orúkọ Yorùbá, ẹnì kan ti ka utf8 bí ẹni ka latin1.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n pé síbẹ̀ ni o! Tábìlì omo_egbe jẹ́ latin1, báìtì rẹ̀ sì pé. Tábìlì isanwo tó wá láti inú CSV (fáìlì Excel tí wọ́n tọ́jú bí ọ̀rọ̀ lásán) ń fi C3A1C2BA hàn. Àwọn tó jẹ́ 3F, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí nínú ẹ̀dà àtijọ́ tí wọ́n kó fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Sábó (Ìkòròdú)

Ó dáa. Ti omo_egbe, má ní kí MySQL yí latin1 sí utf8mb4 tààrà. Kọ́kọ́ sọ ọ́ di báìtì lásán kó lè gbàgbé pé lẹ́tà ni, kí o tó wá pè é ní ohun tó jẹ́:

ALTER TABLE omo_egbe MODIFY oruko VARBINARY(400);
ALTER TABLE omo_egbe MODIFY oruko VARCHAR(100) CHARACTER SET utf8mb4;

Tí kọ́lọ́ọ̀mù yẹn bá ní NOT NULL tàbí DEFAULT tẹ́lẹ̀, tún un kọ síbẹ̀, torí MODIFY kì í bá ọ rántí. Ti isanwo:

UPDATE isanwo SET oruko = CONVERT(CAST(CONVERT(oruko USING latin1) AS BINARY) USING utf8mb4) WHERE HEX(oruko) LIKE '%C3A1C2B%';

Ìyẹn á kó ẹ, ọ àti ṣ. Orúkọ tó jẹ́ pé àmì ohùn nìkan ló ní, bíi Adé, C383 ni kí o fi wá tirẹ̀. Má yọ WHERE yẹn o! Tí o bá ṣe é lórí orúkọ tó ti dára, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́ di àmì ìbéèrè. Orí ẹ̀dà ni kí o ti dán an wò.

Nígbà tó bá tán, dí ibi tó gbà wọlé. Ọ̀nà méjì ni PHP sábà fi ń bá MySQL sọ̀rọ̀: mysqli fẹ́ set_charset('utf8mb4') lẹ́yìn tó bá ti so mọ́ dátábéèsì; tó bá jẹ́ PDO, kọ charset=utf8mb4 sínú ìlà ìsopọ̀ rẹ̀. Ojú ewé HTML náà gbọ́dọ̀ sọ pé utf-8 lòun. Tí Excel bá fẹ́ ṣe CSV fún ọ, mú èyí tó ní UTF-8 lórúkọ, má mú CSV lásán.

Tísà Ìjẹdẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n pé, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. "ọ́" kan náà lójú lè jẹ́ ohun méjì nínú kọ̀ǹpútà. Kíbọọ̀dù kan á kọ ọ kó tó gbé àmì ohùn lé e. Òmíràn á kọ ó kó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ò lè yà wọ́n, báìtì wọn ò jọra. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè fi fóònù forúkọ sílẹ̀, kó wá fi kọ̀ǹpútà wá orúkọ ara rẹ̀ nínú àpótí àwárí tí ẹ fi JavaScript ṣe, kí wọ́n ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kí orúkọ kankan tó wọ dátábéèsì, ẹ jẹ́ kó gba abẹ́ Normalizer::normalize($oruko, Normalizer::FORM_C) ní PHP, tàbí oruko.normalize('NFC') ní JavaScript, kí ọ̀nà ìkọ̀wé méjèèjì lè di ọ̀kan. Ti PHP yẹn ń fẹ́ kí intl, àfikún PHP kan, wà lórí sáfà. Ẹ wò ó kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Gígùn orúkọ náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ wo "Ẹ̀pẹ́": grapheme_strlen á ní lẹ́tà 3 ni, mb_strlen á ní 5 torí ó ń ka àmì ohùn lọ́tọ̀, strlen á ní 11 torí báìtì ló ń kà. Tí sáìtì bá ní kí orúkọ má ju 20 lọ, tó sì fi strlen kà á, ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ dáadáa lẹ fìyà jẹ yẹn, ẹni tó kọ ọ́ ní jákujàku ló máa rí àyè wọlé. Inú máa ń bí mi sí i. Èyí tó tún wá burú ni substr, torí ó lè gé ẹ sí méjì láàárín báìtì. Tí irú gígé bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ json_encode, tó ń di ọ̀rọ̀ PHP ránṣẹ́ sí JavaScript, kò ní gbà á, yóò dá false padà, gbogbo ojú ewé á sì ṣófo nítorí orúkọ ẹnì kan. Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ṣé kò sí ojú ewé tó ń jáde lófìfo lọ́dọ̀ rẹ?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Tísà, ṣé ẹ ń wo ẹ̀yìn mi ni? Ojú ewé àwọn tó ń ta ẹja gbígbẹ nìkan ló ń ṣófo! substr wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n fi ń gé orúkọ kí ó lè gba inú àpótí. Mo fi mb_substr rọ́pò rẹ̀, ojú ewé ti jáde.

Tísà Ìjẹdẹ̀

mb_substr kò ní gé báìtì, àmọ́ ó ṣì lè gé àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà. grapheme_substr ló máa tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jọ̀wọ́, kí a tó kúrò lórí orúkọ. MySQL 8.0 ń lo utf8mb4_0900_ai_ci tí ẹ kò bá sọ fún un pé kó lo òmíràn. Lójú rẹ̀, Adé àti Ade kò yàtọ̀, ọ àti o kò yàtọ̀. Fún àwárí, ó dára bẹ́ẹ̀; ta ló ń wá orúkọ lórí fóònù nínú ọjà tó ń dúró kọ àmì ohùn? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi UNIQUE (òfin pé ohun méjì kò gbọ́dọ̀ jọra) sórí orúkọ, ẹni kejì tó ń jẹ́ Àjọkẹ́ kò ní lè wọ ẹgbẹ́. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ fi dá èèyàn mọ̀.

Kọ́bọ̀ Kan

Owó ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n mú ibẹ̀. 2147483647 ni iye tó tóbi jù tí INT, kọ́lọ́ọ̀mù nọ́ńbà ti MySQL, lè gbà. Wọ́n fi nọ́ńbà fóònù sínú INT. Òdo iwájú kọ́kọ́ já dànù, èyí tó kù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7, 8 tàbí 9, díjíìtì 10, ó sì ju iye yẹn lọ fíìfíì. MySQL àtijọ́ kò pariwo. Ó kàn kọ iye tó pọ̀ jù tó lè gbé sílẹ̀. Láti 5.7 ni wọ́n ti sọ ọ́ di alágídí tó máa kọ irú rẹ̀ pátápátá, àfi bí ẹnì kan bá lọ pa àgídí yẹn. Nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì tó jẹ́ díjíìtì 10, BVN àti NIN tó jẹ́ 11, VARCHAR, kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀, ni ilé gbogbo wọn. Ṣé ẹnì kan ń ro nọ́ńbà fóònù ẹni méjì pọ̀ ni? Excel náà máa ń gé òdo iwájú, nítorí náà sọ fún un pé Text ni kọ́lọ́ọ̀mù yẹn kí o tó kó nǹkan sínú rẹ̀. Àwọn tó ti di 2147483647 kò sí nínú dátábéèsì yẹn mọ́. Wá wọn nínú Excel. Tó bá jẹ́ òdo nìkan ló já níbẹ̀, LPAD(foonu, 11, '0') á dá a padà.

₦12,500 tó di 12: PHP ń ka nọ́ńbà títí yóò fi kan ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà, (int)"12,500" sì jẹ́ 12. Yọ kọ́mà kúrò kí o tó yí i. Má fi FLOAT tọ́jú owó, torí tí iye bá ti kọjá 16,777,216, kò lè mú gbogbo náírà kọ̀ọ̀kan ní pípé mọ́. Àpapọ̀ owó ẹgbẹ́ lè dé ibẹ̀. DECIMAL(14,2) ni, tàbí kí o fi kọ́bọ̀ sínú BIGINT.

Wàyí o, DECIMAL máa ń dé ọ̀dọ̀ PHP àti JavaScript bí ọ̀rọ̀. Nínú JavaScript, "5000.00" + "2000.00" jẹ́ "5000.002000.00". Mo ti rí sáìtì tó fi irú àpapọ̀ yẹn han oníbàárà. Jẹ́ kí MySQL fi SUM ro ó fún ọ. Bí ẹ bá sì máa gba owó nípasẹ̀ Paystack, kọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbà: ₦12,500 jẹ́ 1250000 lọ́dọ̀ wọn. Bí o bá fi 12500 ránṣẹ́, ₦125 ni wọ́n máa yọ, ẹgbẹ́ á sì wá ọ délé.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n Kọ́bọ̀ Kan, ẹ má bínú, "yọ kọ́mà kúrò" yẹn kò lè bá gbogbo wa lára mu. Níbí ní Àgbádárìgì, àwọn oníbàárà wa kan ń ti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wá, Excel wọn sì jẹ́ ti Faransé. Kọ́mà ni wọ́n fi ń ya owó odidi kúrò lára ìdá rẹ̀. "12,50" wọn á di 1250 tí ẹ bá yọ kọ́mà. CSV wọn, àmì ; ló ń ya kọ́lọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè ibi tí fáìlì ti wá ná. Owó CFA kò tiẹ̀ ní kọ́bọ̀, torí náà ẹ má ṣe sọ ọ́ di ìlọ́po 100 nínú dátábéèsì bíi náírà.

Orúkọ náà wà níbẹ̀. Ègùn tí wọ́n kọ ní ìhà Àjàṣẹ́ ń lo ɔ àti ɛ, tiwa níhìn-ín ń lo ọ àti ẹ. Normalize tí Tísà sọ kò ní sọ wọ́n di ọ̀kan, torí lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kọ́lọ́ọ̀mù kejì ni mo ṣe fún àwárí, níbi tí ɔ, ọ àti o ti di o, mo sì fi orúkọ gidi sílẹ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́.

Kọ́bọ̀ Kan

Mo gbà. Ti Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mo ń wò.

Ìyá Ìbejì

Ti 1970: wá strtotime, ohun tí PHP fi ń ka ọjọ́, nínú kóòdù rẹ. Tó bá rí àmì / láàárín ọjọ́, ó gbà pé Amẹ́ríkà lo wà, oṣù ló ṣáájú. 05/03/2024 tí akọ̀wé kọ fún oṣù kẹta á di oṣù karùn-ún. 25/03/2024 kò bọ́ sí i, torí kò sí oṣù 25, ó dá false padà, date() gba false bí òdo, òdo sì ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1970. Tí o bá ti rí ẹyọ 1970 kan, má ṣe tún òun nìkan ṣe. Àwọn tó léwu ni àwọn tí kò pariwo, àwọn ọjọ́ 1 sí 12 tó ti gba ipò oṣù láìsí ẹni tó mọ̀. Padà sí CSV, kí o fi STR_TO_DATE(ojo, '%d/%m/%Y') kó gbogbo rẹ̀ wọlé lákọ̀tun. Bí o bá rí nọ́ńbà bíi 45292 níbi tó yẹ kí ọjọ́ wà, òǹkà Excel nìyẹn, 1/1/2024 ni.

Ohun kan tún wà tó máa fara pamọ́ fún ọ. Tí JavaScript bá mú ọjọ́ tí èèyàn yàn, tó gbà á bí agogo 12 òru nílùú wa, tó sì gba toISOString kọjá, yóò di agogo 11 alẹ́ àná, torí wákàtí kan la fi ṣáájú UTC, agogo àjùmọ̀lò àgbáyé tí toISOString ń lò. Owó Mọ́ńdè á di ti Sọ́ńdè. Ọjọ́ tí kò ní wákàtí nínú, fi ránṣẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán, "2024-03-05", sínú kọ́lọ́ọ̀mù DATE. Má jẹ́ kó gba ọ̀nà agogo rárá. Fún èyí tó ní wákàtí, SET time_zone = '+01:00' nígbà tí o bá ń so mọ́ MySQL, kí o sì fi Africa/Lagos sínú PHP.

Akápò

Ẹ kú ọgbọ́n o. Èmi kì í ṣe oníkóòdù, ìwé owó ni mo ń tọ́jú fún ẹgbẹ́ kan ní Ìgbógbó, a sì ti la irú èyí kọjá. Ọmọ mi, gbogbo ohun tí wọ́n sọ yìí, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti bọ́ sípò? Mú ìwé owó wọn. Oṣù kọ̀ọ̀kan ní àpapọ̀ nísàlẹ̀. Ní kí kọ̀ǹpútà ro oṣù kan náà, kí o wò ó bóyá wọ́n dọ́gba, kí o sì ka iye ìlà náà, torí àṣìṣe méjì lè pa ara wọn rẹ́ kí àpapọ̀ tún bára mu. Oṣù tí kò bá dọ́gba nìkan ni kí o tú wò.

Àwọn orúkọ tó ní àmì ìbéèrè, má jókòó sílé kí o máa méfò. Àmì ìbéèrè kan lè jẹ́ ọ, ó lè jẹ́ ẹ. Owó wà lẹ́yìn orúkọ yẹn. Káàdì wà lọ́wọ́ oníkálukú; tẹ orúkọ wọn pẹ̀lú nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ sórí pépà, gbé e lọ sí ìpàdé, kí olórúkọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kó sì fọwọ́ sí i. Àwọn ìyá ọjà kì í gbàgbé iye tí wọ́n dá.

Kóòdù Kò Sùn

Ẹ ṣé, mà. Ẹ̀gbọ́n Sábó, mo ti gbọ́. Ti ẹja WhatsApp yẹn wọ̀ mí lára.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́

Orúkọ inú tábìlì méjèèjì ti bọ́ sípò, mo sì ti fi HEX wò wọ́n. Mo ti kó ọjọ́ àti owó wọlé lákọ̀tun láti inú CSV. Oṣù méjì ni kò tíì bá ìwé akápò ẹgbẹ́ wọn mu, a ń wò ó lọ́wọ́. Pépà àwọn "B?la" ti wà nílẹ̀, ó di ìpàdé.

Ó wá ku ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ rìsíìtì. Ojú ewé pé, àmọ́ lórí rìsíìtì, àmì ìbéèrè tún ni. HEX dára o!

Ẹ̀gbọ́n Sábó (Ìkòròdú)

Dátábéèsì ò mọ̀wọ́ mẹsẹ̀ nínú ìyẹn. Àkójọ lẹ́tà kéréje ni wọ́n kó sínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ rìsíìtì yẹn, ẹ àti ṣ kì í sábà sí níbẹ̀, bóyá lo fi utf8 ránṣẹ́ tàbí o kò fi ránṣẹ́. Ya rìsíìtì náà bí àwòrán lórí sáfà, pẹ̀lú fọ́ǹtì tó ní àmì wa bíi Noto Sans, kí o fi àwòrán yẹn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Á lọ́ra díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wo ₦ náà nígbà tí o bá ń dán an wò, kì í ṣe gbogbo fọ́ǹtì ló ní in.